Fìlà Ọ̀gá Silas ní Wọ́ọ̀dù

Ta ni kò mọ Ọ̀gá Silas Dúrósinmí ní Iléṣà? Fìlà-tẹ̀-kí-n-tó-jáde, ọ̀gá réluwéè tó fẹ̀yìn tì ní Òṣogbo. Bí fìlà gọ̀bì rẹ̀ kò bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, kò ní í yọjú sóde. "Fìlà tó dúró gbọnrangandan, igbá ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Òun ló já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìwáràjà, tó forí gbálẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń kọ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ìrìn àti ṣíbí mímú lákọ̀tun. Ọlọ́run ṣàánú, ara rẹ̀ mókun. Ṣùgbọ́n bàbá ti tọ́ adùn àìsàn wò. Àwọn ará ìjọ ń gbé ẹran ìgbẹ́ wá, Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ ń fi iyán sí i lẹ́nu. Ta ló fẹ́ kí irú ìyẹn tán?

"Ẹ gbìyànjú kí ẹ mú ṣíbí, bàbá," Nọ́ọ̀sì Phebe á ní.

"Ọmọ mi, ọwọ́ yìí ò gbọ́ tèmi mọ́."

Fúnmilọ́lá lọ̀rọ̀ náà ń dùn. Tíṣà ni ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ọ̀gá ilé ìwé sì ti ránṣẹ́ pé bí kò bá wọlé ní Mọ́ńdè, àwọn á gba ẹlòmíràn. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ṣé iṣẹ́ ló wá jù mí lọ ni?" Ọ̀gá Silas bi í, ó sì lanu de òkèlè.

Inú bí Fúnmilọ́lá débi pé díẹ̀ ló kù kó da ọbẹ̀ sí i láyà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá ń sùn, eṣinṣin bà lé e nímú. Ọwọ́ tí kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́ gbá a pa. Fúnmilọ́lá rí i.

Ní Sátidé, ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ kó ẹ̀bùn wá, wọ́n mú ayàwòrán dání. Alàgbà Amos, olórí wọn, fa àkùkọ lé Ọ̀gá Silas lọ́wọ́ òsì, pé kó dì í mú dáadáa.

"Fúnmilọ́lá, fìlà mi."

Ó dé e fún un ṣánṣán, ó fà á wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú.

"Tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún," ọkọ rẹ̀ sọ lábẹ́nu.

"Mò ń gbé àwo lọ," ó fèsì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ayàwòrán ti ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú kámẹ́rà rẹ̀. "Ẹ má mira o, bàbá."

Òógùn bo Ọ̀gá Silas. Àwòrán tí ọmọ-ọmọ á máa wò, kí òun dé igbá nínú rẹ̀? Ọwọ́ òsì kò ráyè, àkùkọ ń jà. Kí ayàwòrán tó tẹ kámẹ́rà, ọwọ́ ọ̀tún fò sókè, ó tẹ fìlà sọ́tùn-ún, ó tún fìka to etí rẹ̀.

Ṣàá!

Alàgbà Amos ṣí fìlà tirẹ̀. "Ọwọ́ tó kú ti jíǹde. Ẹ jẹ́ ká kọrin." Ẹ̀rín ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn aláìsàn náà gbè é. Nọ́ọ̀sì Phebe kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ odó wá. "Bàbá, ẹ kú oríire. Iyán alẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ máa gún un."

Ní Mọ́ńdè, Fúnmilọ́lá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Aláìsàn tó bá ní ọwọ́ òun kò gbé ṣíbí, Phebe á ní kó lọ wò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Ọ̀gá Silas sílẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, ojú ń tì í.

Ó mirí. "Ó kéré tán, fìlà náà tẹ̀."