Pétéésì Tí Wọ́n Ní Ilé Adìẹ Ni

Kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀. Ẹ̀yin ará Òkè-Ẹ̀gẹ́, ẹ yá mi létí yín. Ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án, kó fọwọ́ ra ojú. Tọkọtaya tó ń jà, ẹ so ìjà náà rọ̀ ná. Ààfin ló rán mi. Ọ̀rọ̀ ilé tó wà lórí ilẹ̀ oko ni.

Ẹ rántí òfin tí mo ké lóṣù tó kọjá. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ oko ló ṣe é, Olóyè Ládépò sì ni alága wọn. Wọ́n ní ilé ti ń jẹ oko run. Òótọ́ ni. Wọ́n ní tí a bá kọ́lé sórí gbogbo ilẹ̀ tán, búlọ́ọ̀kù la ó máa bọ̀ jẹ. Òótọ́ náà ni. Ni wọ́n bá gbé àṣẹ kalẹ̀ báyìí.

Àṣẹ kìíní: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé sórí ilẹ̀ oko. Ohun tó bá ti ní ilẹ̀kùn, ilé ni.

Àṣẹ kejì: Àgbẹ̀ lè ní ahéré, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sùn nínú rẹ̀. Bí oorun bá ń kùn ún, kó sùn lóòró.

Àṣẹ kẹta: Ilé ẹran ọ̀sìn kì í ṣe ilé. Ó lè tóbi tó bó bá ṣe wu ẹran náà.

Ìjìyà: A ó wó ilé arúfin. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi orí ru àwókù rẹ̀ wọ ìlú, ní ọjọ́ ọjà, lójú àwọn àna rẹ̀.

Wọ́n wá gba ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gbénró pé kó máa yẹ oko wò. Ìlú ti ní wolé-wolé tẹ́lẹ̀; oko náà wá ní woko-woko.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣówándé ni Gbénró kọ́kọ́ lọ. Opó ni wọ́n, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́nà Àgọ́-Èsì. Màlúù ti jẹ oko wọn rí, olè sì ti hú ẹ̀gẹ́ wọn rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sùn sí ahéré títí ẹ̀gẹ́ yóò fi gbó. Wọn ò ní ohun mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun.

Gbénró wo ahéré náà, ó ní ilé ni, nítorí ó ní ilẹ̀kùn. Ìyá Ṣówándé yọ ilẹ̀kùn. Gbénró padà dé, ó ní ààrò wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì ti ń dáná, ilé ni. Ìyá Ṣówándé gbé ààrò síta, òjò ń pa wọ́n níbi tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀. Gbénró tún dé. Ó bá ìrọ̀rí nílẹ̀. Ó ní ìrọ̀rí kì í dá sùn. Ó fi ọ̀dà pupa kọ “WÓ O” sára ògiri.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni pétéésì Olóyè Ládépò wà, lórí ilẹ̀ tí àgbàdo máa ń ṣe dáadáa sí. Ó ní dígí, ó ní jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Gbénró kan ilẹ̀kùn, ó béèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Olóyè nawọ́ sókè. Adìẹ kan ṣoṣo dúró sí bákónì. Wọ́n ní, “Ilé adìẹ ni.” Gbénró kí adìẹ náà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Ṣówándé gbọ́. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba ààfin lọ, wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ní, “Kábíyèsí, mo gbà pé ahéré mi ti di ilé, wọ́n á sì wó o. Ṣùgbọ́n àwọn adìẹ mi náà ń gbé ibẹ̀, wọn ò sì rú òfin kankan. Mo gbọ́ pé ilé adìẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí adìẹ kan ń dá gbé. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó gbà wọ́n sọ́dọ̀.”

Kábíyèsí ní òfin ni òfin. Kí gbogbo àgbẹ̀ ọ̀nà Àgọ́-Èsì kó adìẹ wọn lọ síbẹ̀. Ni wọ́n bá kó wọn dé, pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló. Adìẹ yé ẹyin sórí àga tìmùtìmù. Àkùkọ kan gorí tẹlifíṣọ̀n, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìròyìn. Ìyàwó Olóyè kó ẹrù padà sílé ìlú, kò sì wẹ̀yìn.

Olóyè sáré dé ààfin. Wọ́n ní, “Kábíyèsí, ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe. Ilé ni.”

Kábíyèsí ní, “Ilé, lórí ilẹ̀ oko? Ládépò, báwo lo ṣe fẹ́ fi orí ru pétéésì?”

Olóyè ní, “Ilé adìẹ ni, Kábíyèsí.”

Nítorí náà, Kábíyèsí ní kí n fi èyí kún un.

Àṣẹ kẹrin: Ilé adìẹ Olóyè Ládépò ti di ti gbogbo adìẹ ọ̀nà Àgọ́-Èsì. Bí Olóyè bá fẹ́ sùn níbẹ̀, wọ́n lè sùn, gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú adìẹ. Kí wọ́n máa jí bí àkùkọ bá ti kọ, kí wọ́n gbálẹ̀.

Àṣẹ karùn-ún: Ibi tí àgbẹ̀ ń sùn ti irè oko rẹ̀, ahéré ni, ó nílẹ̀kùn o, kò nílẹ̀kùn o. Gbénró ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ọ̀dà pupa yẹn kúrò, yóò sì so ilẹ̀kùn padà.

Ìjìyà: Ẹni tó bá tún yọ opó lẹ́nu lórí oko rẹ̀, àárín àwọn tòlótòló ni yóò máa sùn.

Ìyá Ṣówándé ti bẹ̀rẹ̀ sí hú ẹ̀gẹ́. Mo bá wọn níwájú ahéré lánàá, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ náà. Wọn ò yọ ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ikọ́ tí òjò yẹn dá sí àwọn láyà kò tíì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ gàrí nínú ìlú, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ló sùn tì í.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn. Agogo ni mo lù, èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, ààfin kò jìnnà. Mo ti ké e. Ó kù sọ́wọ́ etí yín.