Omi Ewé Dókítà Títíloyè

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó wọ kóòtù funfun ilé ìwádìí lọ ra ata lọ́jà Ekiosa ní Bìní, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, Dókítà Títíloyè ni. Ọba Ewé ló pe ara rẹ̀. Àwa fi kún un: akórè-oko-olóko.

Lọ́dún 1986, ilé ìwádìí wọn lọ́nà Ekosodin ń yẹ òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan wò, èyí tí oògùn jẹjẹrẹ ń ti ara rẹ̀ wá. Morọ́láyọ̀, òṣìṣẹ́ abẹ́ Títíloyè, ló fi ọdún mẹ́ta yọ àwọn ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn nínú ewé náà, jáde sínú omi. Bí bíríkìlà ni wọ́n ń ṣe: eléyìí á mọ díẹ̀, tọ̀hún á mọ lé e, títí ewé á fi di oògùn.

Àfi bí ìwé iṣẹ́ náà ṣe jáde, tó jẹ́ orúkọ Títíloyè nìkan ló wà níbẹ̀! Ó dun Morọ́láyọ̀ wọra. Bí àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Èkó wá yẹ iṣẹ́ náà wò bá fi lè buwọ́ lù ú, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ó bá ọ̀gá nídìí sítóòfù.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń sè?"

"Omi ewé rẹ ni. Àgbo tí a kò bá sè, kíkan ló ń kan."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, inú yìnyín ló yẹ..."

"Gbẹ́nu dákẹ́! Ta ni Ọba Ewé?"

Eṣinṣin tí kò gbọ́ràn ni í bá òkú wọ sàréè. Morọ́láyọ̀ lọ wo fíríìjì. Ìgò kékeré kan ṣì kù níbẹ̀. Ó gbé e sínú fúláàsì oníyìnyín.

Gbọ̀ngàn kún. Títíloyè da omi ewé sínú ìgò tí èròjà tí ẹ́ńsáìmù máa ń pa láwọ̀ dà wà. "Kí n tó ka mẹ́wàá, á pọ́n bí ìyeyè!"

Ó ka mẹ́wàá. Ó ka ogún. Nígbà tó di ogójì, ẹnì kan wúkọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébùkọ́lá, àgbà àwọn àlejò, yọ awò ojú rẹ̀. "Dókítà, ṣé iná kò kàn án?"

"Iná kẹ̀? Èmi fúnra mi ni mo sè é, mà! Wákàtí kan gbáko. Ó jinná dénú!"

"Kí wá ni iná ń ṣe fún ẹ́ńsáìmù?"

"Ó ń fún un lágbára ni."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó ti se gbogbo bíríkìlà pa, ó wá ń retí ilé.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Morọ́láyọ̀ dìde, ó da ti inú fúláàsì sínú ìgò èròjà mìíràn. Kí wọ́n tó ka márùn-ún, ó ti pọ́n.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà. Ọdún mẹ́ta."

Ọ̀jọ̀gbọ́n pa orúkọ Títíloyè rẹ́ lójú ìwé, ó kọ ti Morọ́láyọ̀ sí i.

Ọba Ewé gbá ìkòkò tó fi se omi ewé mọ́yà, ó ń yọ́ jáde. Comfort tó ń gbálẹ̀ fún wọn dí i lọ́nà, ó ṣí ìdérí wò.

"Oga, abeg wait. Ó ti jinná o, iyọ̀ ló kù."