Owó Àwọn Baba Tí Àwẹ̀ró Fọ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Ìgbá fi ń pa òwe pé, "Gbogbo ìdọ̀tí kọ́ là ń fọ̀, òmíràn, baba ẹni ni"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń mi orí bí alángbá ni. Ẹ jókòó dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kànrìnkàn ju oúnjẹ lọ, torí ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ.

Obìnrin kan wà ní agboolé Jagunmólú, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó Oyèdìjí ni, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Àwẹ̀ró mọ́ tónítóní débi pé àwọn adìẹ ilé náà ń wẹ̀yìn wò kí wọ́n tó su. Ohun tójú rẹ̀ bá sì rí, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi mọ ìdí rẹ̀. Èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni kèrègbè kan tó wà lókè àjà, tí wọ́n fi òwú dí lẹ́nu.

"Olówó orí mi, kí ló wà nínú kèrègbè yẹn?"

"Àwọn baba mi ni."

"Gbogbo wọn? Báwo ni wọ́n ṣe wọ ibẹ̀?"

Oyèdìjí rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Owó bàbà àtijọ́ ló wà níbẹ̀, tí Jagunmólú tó tẹ agboolé náà dó gbé ti Òkè Ọya bọ̀, tẹ́nikẹ́ni ò ná mọ́. Ẹni tó bá jẹ baálé ni wọ́n ń fún ní ẹyọ kan, yóò máa gbé e kiri nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Tó bá kú, wọ́n á dá a padà sínú òwú. Etí owó náà ni wọ́n ń dì mú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ pa á lójú. Lọ́jọ́ tí baálé tuntun bá fẹ́ jẹ, yóò mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ẹbí, yóò máa dárúkọ ẹni tó ni wọ́n. Bó bá ṣì í, oyè bọ́ nìyẹn. Oyèdìjí ni oyè kàn báyìí, ṣùgbọ́n Láṣùpọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, ti la ẹnu sílẹ̀ de àṣìṣe.

"Báwo wá lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Àṣírí ọkùnrin nìyẹn," ni Oyèdìjí wí. Ẹ wo àṣírí tó fẹ́ pa olówó rẹ̀!

Nígbà tí ọjọ́ oyè pé, Oyèdìjí sọ kèrègbè náà kalẹ̀ sórí ẹní, ó lọ wẹ̀ lódò. Àwẹ̀ró wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa òwú yọ. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò, ọ̀kan pupa, epo ti gbẹ mọ́ òmíràn lára, ọ̀kan sì ń rùn.

"Háà! Ṣé ohun tí ọkọ mi fẹ́ gbé síwájú ẹbí nìyí? Wọ́n á ní ọ̀bùn ló fẹ́!"

Ẹ má bú u o, ìfẹ́ ló ń ṣe é. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́, ó bu eérú, ó mú kànrìnkàn. Ó fọ̀ wọ́n títí, ó tún fi iyanrìn ha wọ́n. Nígbà tí Oyèdìjí fi máa dé, owó ń kọ mànà lórí ẹní, gbogbo wọn sì jọra wọn bí ẹyin adìẹ.

Oyèdìjí kígbe. "Àwẹ̀ró! Àwọn baba mi dà?"

"Àwọn rèé. Wọ́n ti wẹ̀."

"Èwo ni Ògúnmọ́dẹdé alágbẹ̀dẹ?"

"Èwo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú wọn?"

"Èyí tó dúdú! Èédú ẹwìrì rẹ̀ ló wà lára rẹ̀! Ìdọ̀tí iṣẹ́ oníkálukú la fi ń mọ̀ ọ́n!"

Ó fìdí lélẹ̀, ó bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe Àwẹ̀ró gidigidi. "Ẹ nu ojú yín," ló wí, "ohun tí mo bọ́ lára wọn, mo lè wọ̀ ọ́ fún wọn padà." Ó sáré gún èédú, ó bu osùn, ó bu epo, ó sì ń kùn wọ́n láìmọ èwo ni tèwo.

Ẹbí pé. Oyèdìjí mú èyí tó dúdú, ó pe Ògúnmọ́dẹdé, gbogbo ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ó mú elépo. "Èyí ni Ládépò tó ni ẹkù epo."

Baba Láṣùpọ̀ gan-an ni Ládépò. Láṣùpọ̀ gba owó náà, ló bá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àpótí. Ó fi ìka kan ahọ́n.

"Ó ti pẹ́ tí baba mi ti kú," ló wí. "Epo tuntun wo ni wọ́n tún ń fún lọ́run?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Láṣùpọ̀ fò sókè: "Oyè ti bọ́! Tèmi ni!"

"Ó dáa," ni Ìyá Ọmọ́yẹni wí, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí. "Ìwọ náà wá dárúkọ wọn."

Láṣùpọ̀ nu ọ̀kan, ó wò ó títí.

"Ta lo rí níbẹ̀?"

"Ojú ara mi ni mo rí, ìyá."

Ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Oyèdìjí ń fi omijé kó owó náà jọ, àfi bí òórùn kan ṣe ta sí i nímú. Ó gbé ọ̀kan sún mọ́ imú, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ni ojú rẹ̀ bá là. Irú ni! Gbogbo ọsàn wẹ́wẹ́ Àwẹ̀ró ò ràn án.

"Jagunmólú fúnra rẹ̀ nìyí," ló ké, "tí kì í lọ sógun láìdi irú sápò!"

Wọ́n gbé e kárí, imú kò tàn wọ́n jẹ. Ìyá Ọmọ́yẹni ní ẹni tó bá ti mọ baba àwọn baba ti tó baálé ṣe, wọ́n sì fi Oyèdìjí jẹ.

Láṣùpọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, níbo lo da omi ìfọ̀ yẹn sí?"

"Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni, bàbá."

Láṣùpọ̀ ṣí fìlà, ó lọ síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Baba mi, ẹ kú ìnáwó oyè. Ẹ má bínú, ìyàwó ilé ló dà yín nù." Ni gbogbo ẹbí bá tẹ̀ lé e, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀. Nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà so, kò sẹ́ni tó jẹ́ gé e. Ta ni yóò din baba rẹ̀ jẹ?

Láti ọjọ́ náà, bí ìyàwó tuntun kan bá ti gbé kànrìnkàn nínú agboolé yẹn, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló ń sáré dì í lọ́wọ́ mú: "Rọra o, ọmọ mi. Gbogbo ìdọ̀tí kọ́ là ń fọ̀. Òmíràn, baba ẹni ni."