Ìkéde Lórí Bàbá Tí Baálẹ̀ Dọ̀bálẹ̀ Fún Nínú Igbó

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìtamẹ́rin, ẹ gbé ọmọrogùn sílẹ̀! Ẹni tó wà nílé ìwẹ̀, kó dá omi dúró! Ṣùbérù akéde ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Baálẹ̀ Oyèdòkun ló rán an níṣẹ́, ẹ má sì bi í ní ìbéèrè kankan, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún un.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Baálẹ̀ lọ wo igbó ńlá tí ìjọba dá sí, níbi tí àwọn àlejò ti ń wá wo ẹranko. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni. Baálẹ̀ wọ agbádá funfun. Awò ojú wọn wà nílé, lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyálé wọn bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n mú un dání, Baálẹ̀ ní igbó kì í ṣe ìwé tí àwọn fẹ́ kà.

Inú igbó yẹn ṣú lọ́sàn-án gangan, omi ń kán láti ara ewé, ilẹ̀ ń yọ̀. Lábẹ́ ìrókò kan, ẹnì kan jókòó sórí gbòǹgbò. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò kọjá lára irú àgbà bẹ́ẹ̀ láìkí i? Baálẹ̀ dọ̀bálẹ̀! Gbalaja! Nínú ẹrẹ̀! Wọ́n kí Bàbá kú ìjókòó. Bàbá kò dáhùn. Baálẹ̀ rò pé inú ló ń bí wọn, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ni Bàbá bá na ọwọ́ gígùn kan, ó ṣí fìlà Baálẹ̀, ó sì dé e.

Aṣọ́gbó tó mú wọn rìn wá rọra sọ ọ́ pé ìnàkí ni. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. A ó padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ ẹni yẹn.

Lánàá, àwọn ìjòyè jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà láti àárọ̀ títí ebi fi pa wọ́n. Ibi tí wọ́n dé rèé: Baálẹ̀ Ìtamẹ́rin kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò tó wọn. Baálẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀. Nítorí náà, ẹni yẹn jù wọ́n lọ! Ẹ tún gbọ́ ọ: ó jù wọ́n lọ! Fìlà ò sì sọnù, ẹ̀bùn ni.

Òfin kìíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè wọ́n ní ìnàkí mọ́. Bàbá Abẹ́-Ìrókò ni kí ẹ máa pè wọ́n.

Òfin kejì: ẹni tó bá lọ wo igbó, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Ẹrẹ̀ kì í ṣe àwáwí. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó mú ẹni tí yóò bá a kúnlẹ̀ dání.

Òfin kẹta: nítorí pé igbó ṣú, ẹ kí ohunkóhun tó bá jókòó. Bó bá jẹ́ kùkùté ni, ẹ kí i! Ìyàwó Ọ̀tún, tó ti gbọ́ òfin yìí ṣáájú yín, ti kí kùkùté mẹ́ta àti alùpùpù aṣọ́gbó kan láàárọ̀ yìí. Baálẹ̀ yìn ín gan-an.

Òfin kẹrin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ awò ojú níwájú Baálẹ̀.

Òfin karùn-ún ló le jù. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín yóò fi ọwọ́ lásán tu koríko ojú ọ̀nà láti ilé Baálẹ̀ dé ìdí ìrókò, yóò sì máa kí igi kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ. Bí ẹ̀rín bá gbé yín, ẹ ní ikọ́ ni. Ẹ ò rí i, gbogbo ìlú ti ń wúkọ́ báyìí.

Ó wá ku ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ará ìlú, Ṣùbérù ni. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń lu agogo yìí. Bàbá tó bí i ló fi lé e lọ́wọ́, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Àwọn ìjòyè ní kó lọ bẹ Bàbá Abẹ́-Ìrókò lọ́la, tòun ti agogo lọ́wọ́. Bí Bàbá bá dárí jì í, yóò mú agogo rẹ̀ bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n Ṣùbérù ti fojú ara rẹ̀ rí bí Bàbá ṣe ń gba ìkíni.

Iṣẹ́ tí Baálẹ̀ rán Ṣùbérù ló jẹ́ yìí, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Bí ẹ bá wá gbọ́ agogo láti inú igbó lọ́la, ẹ má sá. Ẹ jókòó, ẹ dákẹ́, ẹ fetí sílẹ̀. Akéde yín tuntun ni.