Orúkọ Tí Ìyá Ànú Kò Lè Pè

Àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Ṣàgámù, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Sájẹ́ǹtì Lánípẹ̀kun jókòó sẹ́yìn kántà, ó ṣí ìwé ńlá kan síwájú. Ìyá Ànú, ìyàwó ilé kan láti Akaka, wọlé pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Níta, awakọ̀ tó ń kó àwọn afurasí lọ sí kóòtù ti ń bu omi sí ẹ́ńjìnnì.

ÌYÁ ÀNÚ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọkọ mi ni mo wá gbà.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ẹ káàbọ̀, mà. Ibo ni wọ́n ti mú un?

ÌYÁ ÀNÚ: Sábó ni, lánàá. Wọ́n ní ó pariwo níbi tí wọ́n ti ń kó obì sọ́kọ̀.

SÁJẸ́ǸTÌ: Àwọn tó pariwo ní Sábó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Kò sẹ́ni tó ń ta obì ní ìdákẹ́jẹ́. Ọmọ ọdún mélòó ni ọkọ yín?

ÌYÁ ÀNÚ: Ó ti lé ní ogún díẹ̀.

(Sájẹ́ǹtì wò ó. Ewú ti ń yọ lábẹ́ gèlè rẹ̀.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Ìgbà wo lẹ fẹ́ra yín?

ÌYÁ ÀNÚ: Ó ń rá kòrò nígbà tí mo wọlé. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́.

(Sájẹ́ǹtì rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Àbúrò ọkọ yín ni.

ÌYÁ ÀNÚ: Ṣebí ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ó dáa. Ẹ fetí sílẹ̀ kí n là yín lọ́yẹ. Ẹni tí a bá mú, a ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ẹ̀sùn rẹ̀ sínú ìwé yìí. Bí ẹ̀sùn náà kò bá wúwo, tí onídùúró rẹ̀ sì dé, ó di ilé rẹ̀. Bí onídùúró kò bá dé, yóò wọ ọkọ̀ tó wà níta yẹn lọ sí kóòtù. Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n fi í pamọ́, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Tó bá ti dé ọ̀hún, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Inú ìwé tiwọn lẹ ó ti máa wá a.

ÌYÁ ÀNÚ: Èmi ni onídùúró. Ṣé wọ́n ń gba obìnrin?

SÁJẸ́ǸTÌ: Òfin gbà yín. Kí lorúkọ rẹ̀?

(Ìyá Ànú wo òrùlé.)

ÌYÁ ÀNÚ: Akéjẹ̀ẹ́.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ariwo kàn?

ÌYÁ ÀNÚ: Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn. Kì í sunkún nígbà tó wà ní kékeré.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ó ti fi ariwo rẹ̀ pamọ́ títí ó fi dé Sábó. Mà, kò sí Akéjẹ̀ẹ́ nínú ìwé yìí.

ÌYÁ ÀNÚ: Ẹ wo Agùntáṣọọ́lò.

SÁJẸ́ǸTÌ: Kò sí. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mò ń béèrè.

ÌYÁ ÀNÚ: Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kí bàbá rẹ̀ pè é. Ọkọ mi ni. Ó ṣáájú mi délé. Ẹnu mi kì í gbà á.

SÁJẸ́ǸTÌ: Láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé yẹn?

ÌYÁ ÀNÚ: Ọ̀gá, ṣé ọmọ Rẹ́mọ kọ́ ni yín ni?

(Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Ìkẹ́nnẹ́ ni mí. Ìyá mi náà kò pe orúkọ àbúrò bàbá mi rí. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, bí ìyá mi ṣe ń sunkún ni àwọn tó wá kẹ́dùn ń bi ara wọn léèrè pé ta ló kú.

ÌYÁ ÀNÚ: Ìyá yín ní ẹ̀kọ́.

SÁJẸ́ǸTÌ: Wọ́n ní i. Ìwé yìí ni kò ní i. Ẹ gba bírò, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀.

ÌYÁ ÀNÚ: Ohun tí ẹnu mi kò gbọdọ̀ pè, ọwọ́ mi á wá máa kọ ọ́?

SÁJẸ́ǸTÌ: Ẹ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Òun lè dárúkọ rẹ̀.

ÌYÁ ÀNÚ: Ó gbé ẹrù lọ sí Kánò. Fóònù rẹ̀ kò lọ.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ìyá wọn ńkọ́?

ÌYÁ ÀNÚ: Ẹ gbà mí! Nítorí wọn ni mo ṣe sáré wá. Wọ́n lọ sí ìpàdé ìjọ ní Simawa, ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fínra. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n gbé àbíkẹ́yìn àwọn lọ sí kóòtù, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ṣubú lulẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n bá a nílé níbi tó ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, bí ẹni tí kò kúrò lójú kan.

(Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó nà án sí Sájẹ́ǹtì.)

ÌYÁ ÀNÚ: Àwòrán rẹ̀ nìyí.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n orúkọ là ń kọ síwèé, a kì í kọ imú.

ÌYÁ ÀNÚ: Ẹ mú fóònù náà wọlé, kí ẹ fi wé ojú àwọn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ẹni tó wà ní kántà kì í fi kántà sílẹ̀. Ẹni tó lè wọlé ti lọ jẹun.

ÌYÁ ÀNÚ: Ẹ jẹ́ kí n ké sí i láti ibí.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ní àgọ́ yìí? Mà, nítorí ariwo náà la ṣe tì í mọ́lé.

ÌYÁ ÀNÚ: Ẹ wá ka àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ fún mi. Bí ẹ bá kan tirẹ̀, màá mi orí.

SÁJẸ́ǸTÌ: N kì í ka ìwé yìí fún ẹni tó bá ṣáà ti wọlé. Bó bá jẹ́ ọ̀tá wọn lẹ jẹ́ ńkọ́? Ẹni tó ń wá ènìyàn ló ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi á wá sọ bóyá ó wà tàbí kò sí.

ÌYÁ ÀNÚ: Èmi kò gbọdọ̀ pè é, ẹ̀yin náà kò gbọdọ̀ kà á.

SÁJẸ́ǸTÌ: Bó ṣe rí nìyẹn.

(Àwọn méjèèjì jọ wo ìwé náà. Níta, awakọ̀ fọn fèrè.)

ÌYÁ ÀNÚ: Ohun tí ọba ń dé ni.

SÁJẸ́ǸTÌ: Fìlà.

ÌYÁ ÀNÚ: Ọba wo ló ń fi fìlà gorí ìtẹ́?

SÁJẸ́ǸTÌ: Adé.

ÌYÁ ÀNÚ: Ẹ̀yin lẹ pè é o, èmi kọ́. Ó lọ, ó wá padà.

SÁJẸ́ǸTÌ: Adé...

(Ó yára fọwọ́ bo ẹnu.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Mà, díẹ̀ ló kù kí ẹ mú mi ka ìwé ìjọba. Adé tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ju ẹyọ kan lọ.

(Ìyá Ànú gbé kúlà lé orí kántà.)

ÌYÁ ÀNÚ: Ọ̀gá, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, ṣé ẹ kì í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan?

SÁJẸ́ǸTÌ: À ń pè wọ́n. Ìlànà ni, kí a má baà gbàgbé ẹnì kan.

ÌYÁ ÀNÚ: Ta lẹ ń pè wọ́n fún?

SÁJẸ́ǸTÌ: A kì í pè wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn là ń pè.

ÌYÁ ÀNÚ: Bí ènìyàn bá ti dúró síbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

(Sájẹ́ǹtì ṣí ìwé náà sẹ́yìn, ó tún ṣí i síwájú.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Ìlànà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó bá ti dúró.

ÌYÁ ÀNÚ: Mo ti dúró.

SÁJẸ́ǸTÌ: Mo rí yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Bí mo bá kan tirẹ̀, kí lẹ ó ṣe?

ÌYÁ ÀNÚ: Màá wúkọ́.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ẹ wú u bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe.

(Ó dìde, ó kẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ilẹ̀kùn irin sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn kántà.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Fẹ́mi!

OHÙN KAN LÁTI INÚ: Sà!

SÁJẸ́ǸTÌ: Abdullateef!

OHÙN MÌÍRÀN: Sà!

(Ìyá Ànú wúkọ́.)

SÁJẸ́ǸTÌ: (láì yíjú) Ewúrẹ́ lèyí jí o. Orí ọ̀kadà la ti mú un, ewúrẹ́ náà dé fìlà.

ÌYÁ ÀNÚ: Eruku ló wọ̀ mí lọ́fun. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

SÁJẸ́ǸTÌ: Adéníyì!

OHÙN MÌÍRÀN: Sà!

(Ìyá Ànú di ẹnu mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Adétúnbọ̀!

OHÙN MÌÍRÀN: Sà!

(Ìyá Ànú wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó di kántà mú, ó wúkọ́ títí awakọ̀ fi yọjú láti ẹnu ọ̀nà.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Ó tó, mà. Mo ti gbọ́.

(Ó jókòó, ó mú bírò.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Adétúnbọ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀, ariwo. Ó ku orúkọ onídùúró.

ÌYÁ ÀNÚ: Ìyá Ànú.

SÁJẸ́ǸTÌ: Orúkọ tí wọ́n sọ yín, mà. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má pe tiyín.

(Ìyá Ànú wá a bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ní ìdí ìró.)

ÌYÁ ÀNÚ: Hussainat.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ó dára. Ohun kan ló kù. Ẹni tó wà nínú gbọ́dọ̀ sọ pé òun mọ onídùúró òun. Adétúnbọ̀! Hussainat ti dé láti wá gbà ọ́!

OHÙN ADÉTÚNBỌ̀: Ta ni Hussainat?

SÁJẸ́ǸTÌ: Onídùúró rẹ ni.

OHÙN ADÉTÚNBỌ̀: N ò mọ Hussainat kankan! Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má fi mí lé e lọ́wọ́! Ẹ kúkú jẹ́ kí n lọ sí kóòtù!

(Sájẹ́ǹtì yíjú sí Ìyá Ànú.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Mà, ó ní òun ò mọ̀ yín.

ÌYÁ ÀNÚ: Kò lè mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, Ìyàwó Wa ni gbogbo ilé ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an, yóò ronú díẹ̀ kó tó rántí.

(Awakọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kejì. Sájẹ́ǹtì wo ìwé, ó wo ilẹ̀kùn irin.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Ẹ ké sí i bí ẹ ṣe máa ń ké sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

ÌYÁ ÀNÚ: Akéjẹ̀ẹ́ o! Ọkọ mi!

OHÙN ADÉTÚNBỌ̀: Ìyàwó wa! Háà, Ìyàwó wa, ẹ tètè gbà mí o! Obìnrin kan tó ń jẹ́ Hussainat ti wà níta, ó fẹ́ gbé mi lọ!

(Sájẹ́ǹtì mú kọ́kọ́rọ́, ó nawọ́ láti ẹ̀yìn kántà, ó ṣí ilẹ̀kùn irin.)

SÁJẸ́ǸTÌ: Mà, ọmọ yìí ì bá gba ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ kó tó tẹ̀ lé yín.

ÌYÁ ÀNÚ: (ó gbé kúlà rẹ̀) Ẹ má bá a wí, ọ̀gá. Èmi ni mo tọ́ ọ. Kì í tẹ̀ lé obìnrin tí kò mọ̀.