Ẹkùn Tí Mo Gbẹ́ Kúrò Lókè Ẹnu Ọ̀nà Yèyé

Ọjọ́ tí ìyá bàbá mi dúró níwájú ilé ara rẹ̀, tó ń béèrè pé ilé òun dà, kò ní tán lọ́kàn mi títí n ó fi hu ewú.

Yunifásítì ni mo wà nígbà náà, ní apá Ìkejì-Arákejì, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Olùkọ́ wa ti sọ fún wa nípa àwọn ọ̀mọ̀ràn òkèèrè kan tí wọ́n ní ìnáwó lásán ni ọ̀ṣọ́ ara ilé. Wọ́n ní iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni kó sọ bí nǹkan náà yóò ṣe rí, ohun tí kò bá sì níṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo fá orí mi kodoro. Mo já àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi kúrò nítorí n kì í fi nǹkan kan sí i. Àmọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ náà péré ni wọ́n kọ́ wa kí ìsinmi tó dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìdajì yẹn o.

Mo gba Iléṣà lọ bá Yèyé, bí gbogbo wa ṣe ń pe ìyá bàbá mi. Obì ló ń tà. Apẹ̀rẹ̀ obì ọdún náà ti kún yàrá iwájú fọ́fọ́, Alhaji oníbàárà rẹ̀ láti Òkè Ọya la ń retí. Tí kò bá tètè dé, kòkòrò ni yóò bá wa jẹ ẹ́. Yèyé lọ kó ìyókù lábúlé, ó ní kí n kun iwájú ilé ní ọ̀dà funfun kó tó dé. Kíkùn nìkan ló rán mi.

Ẹkùn kan wà lókè ẹnu ọ̀nà. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó lanu, ó gbé ìrù sókè. Mo wò ó títí, mo ní, "Ìwọ, iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?" Mo mú òòlù, mo gbẹ́ ẹ kúrò.

Nígbà tí mo ṣe tán, ògiri náà funfun báláú, ó ń dán. Orí mi wú. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaji pè mí lórí fóònù. "Ọmọ Yèyé, mo ti dé. Ẹkùn dà?"

"Ẹ máa wo ilé funfun, sà."

"Funfun wo? Gbogbo wọn ló funfun!"

Kí n tó sáré dé títì, ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ, ti bọ̀, ó sì ti kọrí sí Òṣogbo. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé bóyá Yèyé ti kó kúrò níbẹ̀, pé àwọn olóbì mìíràn ń dúró de òun ní Old Garage lọ́hùn-ún.

Ibi tí mo dúró sí ni ọ̀kadà ti gbé Yèyé kọjá lójú mi, tòun ti apẹ̀rẹ̀ obì. Mo pariwo, wọn ò gbọ́. Ó dé òpin títì kó tó padà. Yèyé sọ̀ kalẹ̀, ó wo ògiri, ó wo èmi.

"Ulé mi dà?"

N kò lè purọ́. Mo fi àfọ́kù ẹkùn hàn án. Yèyé jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé ìyàwó," ó ní, "mi ò mọ Iléṣà, mi ò sì mọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣìnà bọ̀ láti ọjà. Bàbá-bàbá rẹ bá pe bíríkìlà, ó ní kó mọ nǹkan tí màá máa rí láti ìsàlẹ̀ títì. Ìwọ ń ka ìwé. Ẹkùn yẹn lèmi ń kà délé."

Nínú gbogbo ilé ńláńlá tí mo ti rí nínú ìwé, n kò rí ọ̀kan tí wọ́n mọ nǹkan sí lára kí ìyàwó má baà ṣìnà. Mo gbójú sókè. Ẹyẹ wà lára ilé kejì, ìràwọ̀ wà lára ilé tó tẹ̀ lé e, òpó lílọ́ wà ní ọ̀ọ́kán. Gbogbo títì náà ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ rí.

Yèyé pe Alhaji, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti yí padà. Èmi gbé àkàsọ̀, mo mú èédú láti ìdí àdògán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹkùn sára ògiri. Mo ń kánjú, etí rẹ̀ sì gùn bí ìwo. Fóònù dún.

"Yèyé, mo rí ewúrẹ́ ńlá kan níhìn-ín. Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Àwa ni!" Yèyé kígbe.

Alhaji kó obì tán. Kò lè wo ògiri kó má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a wọlé padà sí yunifásítì, olùkọ́ ṣí ìdajì kejì. Ó ní àwọn mìíràn dìde lẹ́yìn àwọn ti àkọ́kọ́, wọ́n ní ilé gbọ́dọ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀, pé iṣẹ́ ni ọ̀ṣọ́ náà ń ṣe. Mo na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ ò bá ti kọ́ wa ní ti ibí yìí kí ẹ tó fún wa nísinmi."

Nígbà tí mo tún dé Iléṣà, mo bẹ Yèyé pé kó jẹ́ kí n wá bíríkìlà tí yóò mọ ẹkùn gidi padà. Ó wo ewúrẹ́ mi dáadáa.

"Ṣé Alhaji fi í délé?"

"Ó fi í délé, Yèyé."

"Ó níṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Fi í sílẹ̀."

Láti ìgbà náà, n kì í yọ nǹkan kúrò níbi tí mo bá a láìbéèrè lọ́wọ́ onílé. Tí mo bá dé Iléṣà, "Ilé Ewúrẹ́" ni mo ń sọ fún ọlọ́kadà, yóò rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, a ó sì lọ tààrà. Ọdọọdún ni mo ń fi ọ̀dà dúdú tún un kùn, ìwo rẹ̀ kò sì tíì dọ́gba.