Èmi-ni àti Ọpọlọ Tẹlifíṣọ̀n

Bí ẹ bá ti gbọ́ "èmi ni mo ṣe é" ládùúgbò wa, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Èmi-ni ni gbogbo wa ń pè é. Bí òjò bá rọ̀, ó ku díẹ̀ kó ní òun lòun pọn omi rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó lọ fi ara rẹ̀ han àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó bá tẹlifíṣọ̀n wọn tó ń ṣòjòjò, tí fíìmù kan kì í parí kó má dákú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ki fíláàṣì kan tí ètò tuntun wà nínú rẹ̀ bọ̀ ọ́ nídìí, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ni àwòrán bá ń já geere.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí, ọkọ ọmọ mi?" ni ìyá ìyàwó béèrè.

Ọ̀rọ̀ ti dé orí "ọkọ ọmọ mi" báyìí. Ká ní ó dúpẹ́ kó jókòó, ìyàwó ti délé. Ṣùgbọ́n ẹnu ń yún un.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Ọpọlọ tí mo fi sí i yẹn, èmi ni mo ṣe é, látòkèdélẹ̀."

Irọ́ ńlá. Ọ̀fẹ́ ló rí ètò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá wù mú un, kó tún un ṣe bó ṣe fẹ́, kó ṣáà má pa orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ rẹ́. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Èmi-ni fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Àwọn àgbà ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tirẹ̀ kò sáré tó ogún ìṣẹ́jú. Bàbá fẹ́ fi kún ohùn fíìmù, ó ṣi bọ́tìnnì tẹ̀ lórí rìmóòtù, ni orúkọ bá ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n: Àwọn Tó Kọ Ètò Yìí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sì ni ìyá. Kò sí ohun tó rí tí kì í kà sókè. Ó ka ọgọ́rùn-ún, kò rí orúkọ Èmi-ni.

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn, mà."

"Ọgọ́rùn-ún?" ni bàbá wí.

"Wọ́n pọ̀ díẹ̀, sà."

Òógùn ti bò ó. Ìyá ń kà á lọ, àfi bó ṣe pariwo pé, "Ó wà níbí o!" Orúkọ rẹ̀ ni lóòótọ́, tòun ti ti bàbá rẹ̀. Ọkàn Èmi-ni balẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga.

Ìyá tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "'A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bi wá ní ìbéèrè.' Tìẹ rèé: 'Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ yìí wà?'"

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Bàbá pa tẹlifíṣọ̀n, ó rọra gbé rìmóòtù kalẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹnu ọ̀nà wa ńkọ́? Ṣé o mọ ibi tó wà, àbí ká bá ẹ kọ̀wé béèrè?"